Ohun tí mo rí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Àgbádárìgì

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ mi ń lọ yìí kò ní ilé ńlá, ṣùgbọ́n mo gbóríyìn fún un nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi mú àwọn olùkọ́. Owó oṣù wọn kì í pẹ́, olùkọ́ kan kì í sì í kọ́ kíláàsì méjì pọ̀. Èyí hàn nínú ìwé ìṣirò ọmọ mi: bí ìdáhùn kò bá tọ̀nà, olùkọ́ kì í kàn fi bírò pupa fàgi lé e, ó máa ń ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á sì fún un ní irú rẹ̀ mìíràn láti ṣe. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti kúrò, níbi tí wọ́n ti ń jẹ àwọn olùkọ́ lówó oṣù, wọ́n ń pààrọ̀ olùkọ́ láàárín sáà kan náà, ọmọ náà kò sì lè dá ka ojú ìwé kan tán. Ìlú tí àwọn míṣọ́nnárì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1843 yẹ kí ó mọ iyì olùkọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ mi wà báyìí ni pé kò sí yàrá ìkàwé, owó ilé-ẹ̀kọ́ sì ti gbówó lórí. Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń dé ọwọ́ àwọn olùkọ́, n ó máa san án.