Mo fi LineageOS sí OnePlus 6 àtijọ́ mi: bó ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Fóònù tí mo fi ń tẹ àgbéyẹ̀wò yìí, OnePlus 6 ni, ọdún 2018 ló jáde. Android 8.1 ló gbé wá sáyé. Nígbà tó dé Android 11, ìmúdójúìwọ̀n dópin fún un. Àmọ́ kò sí ohun tó ṣe fóònù fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fọ́, ṣíìpù Snapdragon 845 inú rẹ̀ ṣì ń já fáfá, RAM 8GB tó ní ò sì tíì kéré fún mi lọ́jọ́ kan. Ohun tí kò ní mọ́ ni àtúnṣe ààbò. Kí n wá sọ irú fóònù bẹ́ẹ̀ nù, ó ń dùn mí. Ohun tó gbé mi dé ìdí custom ROM nìyẹn, ìyẹn Android tí àwọn mìíràn tún ṣe, tí èèyàn lè fi rọ́pò èyí tó bá fóònù wá. Ó sì ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí ọ̀kan nínú wọn, LineageOS 21, ìyẹn Android 14, ti wà lórí rẹ̀.

Kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ fi sí i o. ROM kan wà tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín: àwọ̀ lóríṣiríṣi, fọ́ńtì, ìró, ààmì bátìrì bíi mọ́kànlá tí èèyàn lè yàn. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan pè mí, mo gbé e, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere, òun ò gbọ́ tèmi. “Hẹ́lò? Hẹ́lò?” títí tó fi gé e. Mo ní bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Nígbà tí ẹni kẹta tún ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé máìkì ni kò ṣiṣẹ́ nínú ROM yẹn. Mo dúró de àtúnṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àtúnṣe dé lóòótọ́, àwọ̀ tuntun méjì ni wọ́n fi kún un. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i: Bluetooth náà tún dákẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tó yẹ kí n ti wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ROM kì í ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Fún fóònù kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan tàbí méjì ló máa ń wà nídìí rẹ̀, àwọn tí irú fóònù yẹn wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń fi àsìkò ìsinmi wọn tún kóòdù ṣe. Maintainer là ń pè wọ́n. Bí fóònù tirẹ̀ bá kó sómi, tàbí tó bá ra òmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ti ẹ̀yin náà ti tán nìyẹn. Nítorí náà, kí n tó gba ROM kankan wálẹ̀ báyìí, ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀dà tó kẹ́yìn jáde ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, mo ti kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ka ohun tí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Maintainer tó mọṣẹ́ á sọ ọ́ fún yín pé báyìí báyìí ni kò tíì dáa. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé kò sí àléébù kankan, òun ni mò ń sá fún.

LineageOS ní ojú-ewé fún fóònù kọ̀ọ̀kan tó ń tọ́jú, orúkọ ìnagijẹ fóònù ni wọ́n sì fi ń pè é. Enchilada ni OnePlus 6, cheeseburger ni OnePlus 5, beryllium ni Poco F1. Ẹ má rẹ́rìn-ín, orúkọ yẹn ni kókó. OnePlus 6T jọ tèmi bí ìbejì, ṣùgbọ́n fajita ni tiẹ̀, fáìlì ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ wọ inú èkejì. LineageOS fúnra rẹ̀ ti rí ohun tí ìpatì ń jẹ́. Inú CyanogenMod, tí Steve Kondik bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ló ti jáde. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lé CyanogenMod lórí kógbá wọlé ní oṣù Kejìlá 2016, àmọ́ gbangba ni kóòdù wà, làwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bá kó ẹrù wọn, wọ́n fún un lórúkọ mìíràn, iṣẹ́ sì ń bá a lọ.

Mo wo àwọn yòókù náà. GrapheneOS wù mí nítorí ààbò, ṣùgbọ́n Pixel nìkan ló wà fún. /e/OS ti Gaël Duval, ẹni tó dá Mandrake Linux sílẹ̀, dáa fún ẹni tí kò fẹ́ rí Google sójú. Orí LineageOS náà ni wọ́n kọ́ ọ lé, microG, ètò kan tó ń ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ áàpù Google, ló sì fi rọ́pò Google. Èmi ò tíì lágbára ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bootloader ńkọ́, ìyẹn ètò tó ń tan fóònù, tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣí kí ROM mìíràn tó lè wọlé? Ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí kì í ṣe gbogbo fóònù ló ṣeé ṣí. Láti 2018 ni Huawei kò ti fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù ìṣí mọ́. Ti Samsung, bí ẹ bá ti fi ROM mìíràn sí i, ààmì Knox, ètò ààbò Samsung, ti yí padà títí ayé nìyẹn, Secure Folder, ibi ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń kó fáìlì sí, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ bí ẹ tilẹ̀ dá Android rẹ̀ padà. Tèmi rọrùn: mo tẹ àṣẹ fastboot oem unlock lórí kọ̀ǹpútà, mo fi bọ́tìnì ìró yàn án, mo tẹ bọ́tìnì iná, ohun gbogbo tó wà lórí fóònù pòórá. Mo ti mọ̀ pé á pòórá, mo ti kó àwòrán, nọ́ńbà àti WhatsApp mi pamọ́. Áàpù tó ń fún mi ní nọ́ńbà mẹ́fà tí mo fi ń wọ ímeèlì ni mo gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń bẹ ímeèlì tèmi pé kó jẹ́ kí n wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ kóòdù ìpadàwọlé yín sórí ìwé.

Ọjọ́ tí mo fi LineageOS sí i, okùn ló kọ́kọ́ fẹ́ yà mí ní wèrè. Mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tẹ àṣẹ, ó kọ “< waiting for any device >”, kò sì kúrò lójú kan. Mo tún dírafà fi sí i, mo pa kọ̀ǹpútà tàn lẹ́ẹ̀mejì. Àṣé okùn tí mo mú lọ́jọ́ náà, iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé fáìlì! Mo fi òmíràn sí i, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Recovery, ètò kékeré tí wọ́n ń gbà fi ROM sí fóònù, wọlé, mo wá fi àṣẹ adb sideload rán ROM lọ láti orí kọ̀ǹpútà. Ó dé 47%, ó dúró. Àyà mi já. Ojú fóònù ní iṣẹ́ ti parí, kọ̀ǹpútà ní kò tíì dé ìdajì. Fóònù ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́; bó ṣe máa ń ṣe nígbà míì nìyẹn, ó sì wà nínú ìlànà LineageOS tí mi ò kà dópin.

Àṣìṣe gidi tí mo ṣe, orí GApps ni, ìyẹn àkójọ àwọn áàpù Google. LineageOS kì í gbé Play Store wá; ẹ̀yin lẹ máa fi MindTheGapps, ọ̀kan lára GApps, sí i fúnra yín, kí fóònù tó tàn fún ìgbà àkọ́kọ́. OnePlus 6 sì ní ẹ̀gbẹ́ méjì, A àti B: bí ẹ bá wà ní ọ̀kan, èkejì ni ROM tuntun ń wọ̀. Torí náà, lẹ́yìn ROM, ẹ wọ Advanced nínú Recovery, ẹ yan Reboot to Recovery, kí ẹ tó rán GApps. Recovery á ní òun ò dá ọwọ́ ẹni tó fọwọ́ sí fáìlì náà mọ̀, ṣé kí òun máa bá a lọ. Ẹ ní Yes. Èmi fo àtúntàn yẹn, fóònù sì tàn láìsí Play Store. Mo fi GApps sí i lẹ́yìn náà, làwọn áàpù Google bá ń kú, wọ́n ń jí. Mo nu gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Fóònù yára, ìpè ń lọ, bátìrì ń bá mi dé alẹ́. Kámẹ́rà ló rẹ̀yìn díẹ̀, torí áàpù kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ kì í bá ROM wá; mo ti fi GCam kan sí i, ìyẹn áàpù kámẹ́rà Google tí àwọn èèyàn tún ṣe, fọ́tò òru sàn díẹ̀. Áàpù báńkì méjì ni mo ní. Ọ̀kan ò bìkítà. Èkejì ṣí, ó ní fóònù yìí kò láàbò, ó pa ara rẹ̀ dé. Play Integrity, ètò tí Google fi ń yẹ fóònù wò, nirú wọn fi ń mọ̀ pé bootloader ti ṣí. Mo gbìyànjú ọ̀nà ẹ̀bùrú kan, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi bàjẹ́, mo bá padà sí bráwúsà. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Android 11 tí kò rí àtúnṣe mọ́, áàpù yìí kan náà gbà á láì janpata.

Ohun kan ṣì kù tí àwa olólùfẹ́ ROM kì í fẹ́ sọ sókè. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Android version lábẹ́ About phone, ọjọ́ méjì lẹ máa rí. Ti Android jẹ́ tuntun. Ti vendor, ìyẹn àwọn ohun tó wá látọwọ́ àwọn tó ṣe fóònù àti ṣíìpù rẹ̀, dúró sí 2021, kò sì sí maintainer tó lè tún un ṣe.

Ìmúdójúìwọ̀n ọ̀sẹ̀ yìí wọlé láàárọ̀, ó wọ ẹ̀gbẹ́ kejì bí mo ṣe ń lo fóònù lọ, mo tún un tàn, ó parí. Inú mi dùn débi pé mo lọ hú fóònù àtijọ́ mìíràn jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo wá orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, mo rí ROM mẹ́rin. Èyí tó tuntun jù nínú wọn ti lé lọ́dún méjì. Mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀.