Ẹ̀kọ́ ilé alámọ̀ lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo: wọ́n mọ amọ̀ ọ́ pò, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n nípa ìpìlẹ̀ àti òrùlé

Ibùdó kan wà lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ilé alámọ̀ mímọ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó owó tí wọ́n ń gbà, ó tilẹ̀ jù ú lọ. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù ló ní ọ̀rọ̀ nínú.

Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ni. Amọ̀, iyanrìn àti koríko ni wọ́n ń pò pọ̀, tí wọ́n á máa tò ó ní ìṣù-ìṣù lé ara wọn títí ògiri á fi ga. Ẹni tó bá dàgbà sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán ti rí ògiri bàbá-bàbá rẹ̀ tó jọ ọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni koríko tó pọ̀ nínú rẹ̀ àti yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò dáadáa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí ni wọ́n mọ̀ jù. Wọ́n á gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú, wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ sínú ìgò funfun kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n á da omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á mì í, wọ́n á gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, iyanrìn ti jókòó sísàlẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ kíkúnná tí kì í so pọ̀ á tẹ̀lé e láàárín wákàtí mélòó kan. Amọ̀ gan-an lè má jókòó tán títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n á wá fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Ògiri ń fẹ́ kí amọ̀ wà láàárín 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Kó pọ̀ jù, ògiri á sán. Kó kéré jù, á máa rún dànù.

Àbùkù kan wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń pín sọ pé iyanrìn méjì sí yẹ̀pẹ̀ kan, bíi pé ilẹ̀ gbogbo ayé jẹ́ ọ̀kan náà. Yẹ̀pẹ̀ pupa tó ní yangí, tó pọ̀ ní agbègbè Ìlọrin, ti ní iyanrìn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi méjì sí i, ẹ ó fi ọwọ́ họ ògiri yín bí ó bá gbẹ. Amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò Òkèlele ní Ìlọrin ń lò, àti yẹ̀pẹ̀ òkìtì ọ̀gán, ni iyanrìn tó pọ̀ bá mu. Ọ̀nà àbáyọ ni bíríkì ìdánwò, yẹ̀pẹ̀ sí iyanrìn: ọ̀kan sí ọ̀kan, ọ̀kan sí méjì, ọ̀kan sí mẹ́ta, ká kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ká jẹ́ kí wọ́n gbẹ tán, ká wo èyí tí kò sán tí kò sì rún. Olùkọ́ wọn mọ èyí, ó sì ń ṣe é. Ìwé wọn ni kò mọ̀ ọ́n.

Amọ̀ pípò wọn kò ní àléébù. Wọ́n á rẹ amọ̀ sómi di ọjọ́ kejì, wọ́n á da búkẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́fà, amọ̀ àti iyanrìn, sórí tapólì, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fa etí tapólì kó yí padà, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Koríko ìrẹsì gbígbẹ ni wọ́n ń wọ́n sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ti jiná nígbà tí ẹ bá fa tapólì tí gbogbo rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìjá. Ẹ bu ìṣù kan, ẹ jù ú sílẹ̀ láti ìbàdí: kó tẹ́ díẹ̀, kó má fọ́, kó má sì tàn kálẹ̀.

Ògiri wọn nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 45 nísàlẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ó ga ju 30 sí 45 lọ lójúmọ́, nítorí bí òkè bá wúwo lórí ìsàlẹ̀ tútù, ògiri á yọ ikùn. Bó bá ti yọ ọ́, wọ́n á fi àdá gbẹ́ ẹ kó tó le. Kí wọ́n tó lọ sílé, wọ́n á fi àtàǹpàkò dá ihò sórí rẹ̀, wọ́n á fi àpò tútù bò ó kí ti ọ̀la lè dì mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwọn ará Devon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé alámọ̀ wọn ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀, máa ń sọ pé bàtà rere àti fìlà rere ló ń gba ilé bẹ́ẹ̀ là. Bàtà ni ìpìlẹ̀, fìlà ni òrùlé, méjèèjì ni ibùdó yìí fi àwòrán lásán kọ́ni. Orí búlọ́ọ̀kù ìlà kan péré ni wọ́n mọ ògiri ìdánwò lé. Òjò Kwara, láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, á máa ta ẹrẹ̀ sí i lára títí á fi jẹ ìdí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ òkúta tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí orí ilẹ̀ ló yẹ, òkúta kò sì wọ́n wa. Etí páánù yẹ kó yọ jáde tó 60 sí 75. Ẹ má gbàgbé ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́kọ́: àfi kí a ti so igi òrùlé mọ́ igi tí a rì sínú ògiri nígbà tí ó ṣì tútù.

Èyí tó burú jù ni ọjọ́ kẹfà, nígbà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀. Amọ̀ ń fa omi, ó sì ń tú u jáde. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kó jáde. Omi á há sẹ́yìn rẹ̀, ìrẹ́ á wú, á já bọ́ pẹ̀lú amọ̀ tó ti rọ̀. Amọ̀ kíkúnná, iyanrìn àti ẹlẹ́bọ́tọ ló yẹ kí wọ́n lò, kí wọ́n sì fi omi èèpo èso igi irú kùn ún lóde.

Wọ́n tún ń tọ́ka sí Demas Nwoko, ayàwòrán-ilé ọmọ Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Golden Lion níbi àfihàn iṣẹ́ ilé ní Venice lọ́dún 2023. Iṣẹ́ ńlá ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù yẹ̀pẹ̀ pupa tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì ló gbajúmọ̀ fún, kì í ṣe èyí.

Wọn kò sì ṣe ìṣirò fún ẹnikẹ́ni. Yàrá kan tó jẹ́ mítà 3 sí 3.6, tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà 2.4, á jẹ kúbíìkì mítà 14 amọ̀, tí ìwúwo rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 20. Orí tapólì, ìyẹn lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ẹ máa po amọ̀. Ẹni tó fẹ́ dá a ṣe kó mọ̀.

Ẹ lọ láàárín oṣù kejìlá sí ìkejì, nígbà ọyẹ́. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ tiyín sínú àpò lọ, kí wọ́n fi ìyẹn ṣe bíríkì ìdánwò yín. Bàtà rọ́bà kò wúlò níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ amọ̀.