Tsotsi: Ìpáǹle tó di alágbàtọ́ láìròtẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ fíìmù tí ọ̀daràn ti ń ronú pìwà dà, obìnrin arẹwà kan ni wọ́n máa ń lò láti fi rọ ọkàn rẹ̀. Tsotsi, tí Gavin Hood darí ní 2005, kò gba ọ̀nà yẹn. Ọmọ ọwọ́ tí kò mọ̀ ju ẹkún lọ ló mú ọ̀dájú yìí. Ní Johannesburg, Tsotsi, ìpáǹle tí fíìmù náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, yìnbọn fún obìnrin kan lẹ́nu géètì ilé rẹ̀, ó gba ọkọ̀ rẹ̀ sá lọ. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn.

Kò sẹ́ni tó wàásù fún un. Ìtọ́jú ọmọ gan-an ló ń tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ọmọ sínú àpò pépà, ó fi ìwé ìròyìn ṣe ìlédìí, ó fún un ní mílíìkì dídùn inú agolo, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì jáde lọ. Nígbà tó dé, èèrà ti bo ojú ọmọ. Ìbọn kì í bọ́ ọmọ, ó sì ti rí i báyìí. Síbẹ̀ ìbọn náà ló tún nà sí Miriam, opó tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, pé kó fún un lọ́mú. Ẹ wo ojú Presley Chweneyagae, tó ṣe Tsotsi, bí ọmọ ṣe ń mu. Kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé òun gan-an lebi ń pa.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ sí fíìmù náà ni àwọn ìrántí ìgbà èwe rẹ̀: ìyá tó ń ṣàìsàn, bàbá tó ta ajá nípàá tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kán. Àlàyé ti pọ̀ jù. Páìpù kọnkéré tó fi ṣe ilé nígbà tó sá kúrò nílé ì bá ti tó. Ó gbé ọmọ lọ wò ó, àwọn ọmọ mìíràn sì ti ń gbé inú rẹ̀. Miriam náà, láìka bí Terry Pheto ṣe ṣe é dáadáa tó, kò ní àléébù kankan, bẹ́ẹ̀ èèyàn kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́jú 94 péré ni. Àdàlù èdè ìgboro tí wọ́n ń pè ní tsotsitaal ni wọ́n ń sọ, nítorí náà ẹ wo èyí tó ní àkọlé ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ má wo èyí tí wọ́n fi ohùn ẹlòmíràn lé, torí ohùn àwọn òṣèré yìí jẹ́ ìdajì iṣẹ́ wọn. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò nídìí ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀: kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi irin ṣóńṣó gún ọkùnrin kan pa nínú ọkọ̀ ojú irin. Kwaito, orin ijó ìgboro South Africa, tí olórin Zola kọ wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ṣeré níbẹ̀.

Fíìmù náà gba Oscar fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ní 2006. Hood ya ju ìparí kan lọ, wọ́n sì kó àwọn yòókù sórí DVD. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹ ó fi wo èyí tó yàn: Tsotsi níwájú géètì kan náà, ọmọ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó na apá méjèèjì sókè.