Nǹkan èlò ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Òṣogbo: èyí tó tó owó rẹ̀ àtèyí tí kò tó

Tí ọsibítù bá ti ní kí ẹni tí rọpárọsẹ̀ (stroke) kọlù máa lọ sílé, ìbáà jẹ́ ní Asùbíàró tàbí ní ilé ìwòsàn UNIOSUN, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Kí la máa rà?" Ìbéèrè náà tọ́. Owó tí wọ́n bá ná sórí ohun tí kò wúlò, inú owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti owó físíò (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn) ló ti ń jáde. A yẹ àwọn ohun tó wọ́pọ̀ ní fámásì àti ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìṣègùn wò níbí, a sì fi èyí tí káfíńtà tàbí wẹ́dà àdúgbò lè ṣe kún un. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo la fi wọn gbogbo wọn: ṣé ohun náà ń mú aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, àbí òun ló ń bá a ṣe é?

Ìdí ni pé ibi tó bá ti kú nínú ọpọlọ kì í jí mọ́. Àwọn ibi tó kù ló máa kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò sì lè kọ́ ọ àfi kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà ṣe ohun kan náà léraléra. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009, wọ́n ka iye ìgbà tí aláìsàn ń fi ọwọ́ tí àìsàn mú ṣe nǹkan gidi nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lọ sọ́dọ̀ físíò: ìgbà 32 péré ni, tí wọ́n bá pín in dọ́gba. Ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2023 sì ní, ó kéré tán, wákàtí 3 lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ta ló máa rí físíò tó bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo? Ẹni tó ń wọ kórópe lọ lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ ti gbìyànjú púpọ̀. Ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù.

Ọ̀pá ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bọ́ sí. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù, tó ní ihò tí bọ́tìnì ń wọ̀ kí wọ́n lè fà á gùn tàbí dín in kù, ló dára jù. Ọ̀pá tó ga jù máa ń ti èjìká sókè, èyí tó kúrú jù máa ń mú kí èèyàn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: kí aláìsàn wọ bàtà tó máa ń wọ̀ rìn, kó dìde dúró, kó jẹ́ kí apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Tó bá wá dì í mú, ìgbọ̀nwọ́ á tẹ̀ díẹ̀, bíi dígírì 20 sí 30. Ẹ rí i pé bọ́tìnì náà yọ síta dáadáa nínú ihò. Èyí tó bá yọ ìlàjì ló máa ń já wọlé lójijì nígbà tí èèyàn bá fi gbogbo ara lé e.

Ọwọ́ tó dá ló ń mú ọ̀pá o. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ń fi í há ọwọ́ tí àìsàn mú, pé kó lè ràn án lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìṣubú ti ń wá. Ọ̀pá ló ń ṣíwájú, ẹsẹ̀ tí àìsàn mú á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ tó dá á gbẹ̀yìn. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ló ń kọ́kọ́ gòkè; tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí àìsàn mú ló ń kọ́kọ́ lọ.

Ibi tí ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú ti ń dani ni rọ́bà ìdí rẹ̀. Ẹ yí i sókè nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìlà róbótó-róbótó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ débi tí èékánná á fi wọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ọ̀pá, kẹ́ ẹ fi ìka kan inú rẹ̀: tí kò bá sí wọ́ṣà onírin níbẹ̀, páìpù máa lu rọ́bà náà jáde láìpẹ́, irin á sì máa yọ̀ lórí ilẹ̀ táìsì. Ẹ ra rọ́bà méjì sí i lọ́jọ́ kan náà, torí ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n tí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ń tà.

Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà fún ẹni tí ìdúró rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ pa pọ̀. Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ tó ń mì, ẹ dá a padà. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú ló máa ń kọjú sí ara aláìsàn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kọ́ ọ. Tí ìrìn bá ti ń yá, kí wọ́n padà sí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan, torí nínú ìrìn kíákíá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pá náà á máa kọ́kọ́ kanlẹ̀, á sì máa fì.

Wọ́kà onírin tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé? Fún ọ̀pọ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, kò tọ́ sí wọn. Ọwọ́ kan ò lè dì í mú, ẹni náà á wá fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e, á sì wọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà fún bàbá tàbí ìyá wọn, torí ó rí bí ohun tó lágbára.

Ohun méjì tí a kò fọwọ́ sí wà, inú wa ò sì dùn sí bí wọ́n ṣe ń tà wọ́n. Àkọ́kọ́ ni okùn onípúlì tí wọ́n ń so mọ́ òkè ilẹ̀kùn, tí aláìsàn á fi ọwọ́ tó dá fa ọwọ́ kejì sókè. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, iṣan èjìká ti dẹ̀, orí egungun apá á sì máa yẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ nínú kòtò rẹ̀. Bí okùn bá fa apá sókè tí egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká kò tẹ̀ lé e, ẹran àárín wọn á há. Ìwádìí kan tó jáde ní 1990 fi àwọn tó lo púlì wé àwọn tí físíò ń bá gbé apá: nínú ọgọ́rùn-ún, 62 ló ní ìrora èjìká nínú àwọn onípúlì, 8 péré nínú àwọn tó kù. Èjìká tó bá ti ń dun èèyàn kò ní jẹ́ kó sùn, kò sì ní jẹ́ kó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan apá náà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá ń fi apá fa aláìsàn dìde lórí ìjókòó tàbí wọnú kẹ̀kẹ́ márúwá. Ìbàdí tàbí bẹ́líìtì la ń dì mú.

Èkejì ni bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n ní kí aláìsàn máa fún ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ọwọ́ tí kò tíì lè ṣe nǹkan kan lè jàǹfààní díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni ọwọ́ tí ìka rẹ̀ ti ń ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ fúnra wọn. Fífún kì í ṣe ìṣòro rẹ̀, ṣíṣí ni. Bọ́ọ̀lù ń fún iṣan tó ti le jù níṣẹ́ sí i. Kẹ́ ẹ gbé kọ́ọ̀pù ike òfìfo sórí tábìlì dípò rẹ̀: kó la ọwọ́, kó mú un, kó gbé e kúrò, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Jíjọ̀wọ́ náà ni iṣẹ́ tó le. Ó dára kó tó ìgbà 30, kó sinmi, kó tún bẹ̀rẹ̀.

Okùn tí wọ́n fi ń gbé apá kọ́ ọrùn wúlò nígbà tí aláìsàn bá ń dìde tàbí ń rìn. Wíwọ̀ ọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ló burú: ìgbọ̀nwọ́ á ká, apá á lẹ̀ mọ́ àyà, á sì gan síbẹ̀. Tó bá jókòó, kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbé apá lé ìrọ̀rí lórí itan tàbí lórí tábìlì.

Nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò, dígí ló fún wa láyọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù ìṣègùn rárá. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé dígí fèrèsé ni. Kí wọ́n gé èyí tó tó 40 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n fi òkúta pọ́n etí rẹ̀, kí káfíńtà fi pákó di ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dá dúró lórí tábìlì. Ẹ gbé e síwájú àyà aláìsàn gan-an, kí ojú dígí kọjú sí ọwọ́ tó dá, kí ọwọ́ tí àìsàn mú wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti rí i. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò lọ́wọ́ tó dá, torí ohun tó ń wò nínú dígí gbọ́dọ̀ jọ ọwọ́ kejì. Kó wá máa ṣí ọwọ́, kó máa pa á dé, kó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè àti sílẹ̀, kó mú ìdérí ìgò, kó gbé e sílẹ̀. Kó jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀yìn dígí náà gbìyànjú ohun kan náà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé kí tẹlifíṣọ̀n máa sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀: ojú tó bá kúrò nínú dígí, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn.

Fún ẹni tó bá ti lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè ní dígírì 20, tí ìka rẹ̀ sì lè nà ní dígírì 10, ọ̀nà tí Edward Taub, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ wà: kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn há ọwọ́ tó dá fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́, kí ọwọ́ kejì lè di dandan fún iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, lábẹ́ ojú físíò. Ẹ bọ́ ọ tó bá ń mú ọ̀pá rìn tàbí tó bá súnmọ́ iná.

Ike tí wọ́n ń wọ̀ sínú bàtà, tí àwọn físíò ń pè ní AFO, tó owó rẹ̀ fún ẹni tí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Èyí tí wọ́n tà láìwọn ẹsẹ̀ ló máa ń dá egbò. Ó gbọ́dọ̀ mú kí ọrùn ẹsẹ̀ dúró ní igun 90, gìgísẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀ láìsí àlàfo. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, kí wọ́n bọ́ ọ wo ara. Ibi tó bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ibẹ̀ ló ń ta. Ẹ dá a padà fún àtúnṣe. Bàtà tó máa gbà á gbọ́dọ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó sì ní okùn tàbí ìlẹ̀mọ́. Sálúbàtà kò lè bá a rìn.

Wíìlíṣíà tí fífẹ̀ ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 18 íǹṣì ló kún ọjà. Fífẹ̀ ìbàdí pẹ̀lú íǹṣì kan tàbí méjì ló yẹ. Ẹni tó bá tín-ín-rín á máa ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ tí àìsàn mú nínú èyí tó fẹ̀ jù. Ẹ dán búréèkì méjèèjì wò pẹ̀lú ẹni tó jókòó nínú rẹ̀. Ohun ìrìnnà ni kẹ́ ẹ kà á sí, kì í ṣe àga ojoojúmọ́.

Fún ìjókòó, àga onígi tó ní apá, tí ìjókòó rẹ̀ ga tó 45 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, ju àga ike àríyá lọ fíìfíì, torí ẹsẹ̀ àga ike ń yọ̀ lórí táìsì, ó sì ń tẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Lórí rẹ̀ ni kó ti máa ṣe jókòó-dìde: kó fa gìgísẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn orúnkún, kó tẹ̀ síwájú kí imú kọjá ìka ẹsẹ̀, kó sì dìde láìgbára lé ẹsẹ̀ tó dá nìkan. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta ni ìbẹ̀rẹ̀. Tí kò bá tíì lè ṣe é, ẹ fi ìrọ̀rí líle gbé ìjókòó ga. Bó ṣe ń lágbára, ẹ yọ ọ́.

Ilé tó ń lo ṣáláńgá nílò àga tí káfíńtà dá ihò sí láàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú irin ìdìmú tí wẹ́dà jó mọ́ ògiri ní ẹ̀gbẹ́ tó dá. Lílóṣòó ni ọ̀pọ̀ wọn kò lè ṣe mọ́.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ara àti ìpara gbígbóná kì í dá ìrìn padà, bó ti wù kí ara tù wọ́n sí. Òrí dára fún awọ ara. Omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ẹ̀gbẹ́ tí àìsàn mú lè má mọ̀ pé omi ń jó o, ìgbà tí ara bá lé ròrò ni wọ́n tó ń mọ̀.

Ẹ̀rọ ìwọnfúnpá tí wọ́n ń dè mọ́ apá òkè tó owó rẹ̀ dáadáa. Ẹ má ra ti ọrùn ọwọ́. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí wọ́n dè é mọ́ apá tó dá. Tó bá ti ju 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, kò sí ìdárayá lọ́jọ́ náà, dókítà ló kàn. Tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Físíò tó ń wá sílé ńkọ́? Ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ MRTB, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀ láti máa fún àwọn físíò níwèé àṣẹ. Èyí tó mọ iṣẹ́ á wọn ìfúnpá kó tó bẹ̀rẹ̀, á bi aláìsàn léèrè ohun tó fẹ́ padà máa ṣe, á sì kọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Èyí tó bá fi gbogbo wákàtí ra ara aláìsàn tí aláìsàn ń sùn, owó ìfọwọ́ra lẹ san. Kó tó lọ, kó kọ ìdárayá tó kù sórí ìwé, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n máa ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ilé ti lè máa fàmì sí i.