Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú àti ìwé ọta .303 bàbá mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀. Gíráàmù 174! Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé bàbá mi nìyẹn, pé ọta .303 kan wọn gíráàmù 174. Ọta tó wúwo tó fóònù ọwọ́ yín! Ìbọn wo ni wọ́n fẹ́ fi yìn ín?

Bàbá mi gbé Texas kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Sùúrùlérè. Lọ́hùn-ún, fúnra wọn ni wọ́n ń di ọta fún ìbọn Lee-Enfield àtijọ́ kan, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. (Òfin ò gbà á nílé níbí, ìwé nìkan ni wọ́n kó bọ̀.) Eré tí ọta Mark VII ń sá bó ṣe ń jáde nílé iṣẹ́ ni wọ́n ń lé. Ọdún 1910 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á: orí ẹ̀ ṣóńṣó, gíréènì 174 (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta àti etù), ẹsẹ̀ bàtà 2,440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mark VI tó ṣáájú rí roboto lórí, gíréènì 215, eré ẹ̀ ò sì ju nǹkan bí 2,060 lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó kù ní Texas ló ń bèèrè ẹ̀dà ìwé náà.

Gíréènì tó wà nínú gíráàmù 1 lé ní 15. Bàbá mi kọ ọ́ sí "gr". Ilé ìtẹ̀wé yọ "r" dànù látòkè délẹ̀, ó wá di "g", ìyẹn gíráàmù, títí kan ibi ìwọ̀n etù! Mo pe ọ̀gá wọn. "Madam, a bá yín tún un ṣe ni. Gbogbo ayé ló mọ gíráàmù." Ta ló bẹ̀ yín? Ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Mo bá wọ danfó.

Ọ̀gá ti jáde "lọ ra bébà". Ọmọbìnrin tó tẹ ìwé náà ló kù, ó kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, Àǹtí." Ó fà àga fún mi, ó ń tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi rúlà tẹ̀ lé ìlà ìwé bàbá mi. Ó dúró lójijì.

"Àǹtí, níbi gbogbo, bí ọta bá ṣe wúwo sí ni eré ẹ̀ ń dínkù. Kí ló dé tí ti ibí yìí yàtọ̀?"

Òótọ́ ni. 215 wà níwájú 2,440, 174 wà níwájú 2,060. Mo pe bàbá mi. Wọ́n ní kí n mú sùúrù kí wọ́n wá awò ojú wọn. Nígbà tó yá: "Ta ló rí i? Ẹ fún un ní fóònù."

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Wọ́n ṣàlàyé ìdí tí eré fi kéré nínú tábìlì ti ìbọn No. 5, Lee-Enfield tó kúrú: gígùn ọ̀pá ìbọn yẹn ò ju nǹkan bí ínṣì 19 lọ, ti àwọn yòókù tó 25, ẹni tó bá sì ń ki etù kún un kó lè bá 2,440 ń wá wàhálà ni. Ọmọ náà ní ṣé kí òun kọ ìyẹn sábẹ́ tábìlì. Bàbá mi ní kó kọ ọ́ gàdàgbà.

Èèpo ẹ̀yìn ìwé dára, àwòrán ọta mọ́ kedere. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi di í ò lágbára, ojú ìwé ti ń jábọ́. Ọ̀gá sì gba owó àtúntẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní bébà ti wọ́n.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Owó àtúntẹ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá.