Kíbọ́ọ̀dù Kan fún Ìwé Títẹ̀ àti Géèmù: Àgbéyẹ̀wò Atẹ̀wé kan ní Kabba

Ẹni tí ó ń fi ìwé títẹ̀ jẹun lọ́sàn-án, tí ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́, kò nílò kíbọ́ọ̀dù méjì. Ẹyọ kan tí a bá fara balẹ̀ yàn yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Èyí tí mò ń lò ní Kabba jẹ́ oníbọ́tìnnì 87, ó ní okùn, súwìṣì rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tí ó ń gba ìtẹ̀ ìka, jẹ́ aláwọ̀ búráùn, a sì lè fa súwìṣì náà yọ kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. N kò dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí orúkọ púpọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irú rẹ̀ lọ́jà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni kí olùrà béèrè, kì í ṣe iná mèremère tí ń tàn lábẹ́ rẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù tí kò wọ́n sábà máa ń jẹ́ onírọ́bà. A ní láti tẹ rọ́bà abẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí lẹ́tà tó jáde. Ẹni tí ń kọ lẹ́tà kan lóòjọ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò nígbà tí táàmù bá ń parí lọ, tí ìwé ètò ìsìnkú láti Mopa àti Isanlu sì tún ń dúró dè é, yóò mọ̀ ọ́n ní ìka àti ní ọrùn ọwọ́. Ti onísúwìṣì yàtọ̀, nítorí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní súwìṣì tirẹ̀ tí sípíríǹgì wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ tí Cherry, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, fi ń ya súwìṣì rẹ̀ sọ́tọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ń tẹ̀lé. Pupa ń lọ sílẹ̀ tààrà. Ti Cherry ń gba agbára tí ó tó nǹkan bí ìwúwo gíráàmù 45, lẹ́tà sì máa ń jáde nígbà tí bọ́tìnnì bá ti wọlé ní mìlímítà 2 nínú mìlímítà 4 tí ó lè lọ. Búlúù ní gegele kékeré lójú ọ̀nà, ó sì máa ń dún ta, ta, ta. Búráùn ní gegele náà láìní ariwo yẹn.

Àwọn ògbóǹtagí nínú géèmù fẹ́ràn pupa, mo sì rí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dán an wò, ìka tí mo kàn gbé lé bọ́tìnnì ń tẹ lẹ́tà tí n kò rán an. Ní ti ìwé títẹ̀ nìkan, kò sí èyí tí ó dùn mọ́ ìka tó búlúù. Àmọ́ nínú ilé tí ògiri kan péré pín yàrá méjì níyà, ẹni tí ó bá ń lò ó lóru kò ní jẹ́ kí ará ilé sùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú búráùn.

Ibi tí mo fẹ́ kí olùrà tẹjú mọ́ jù lọ ni iye bọ́tìnnì tí kíbọ́ọ̀dù lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù lórí onírọ́bà kí ẹ wò ó. Ẹ di ọfà òkè àti ọfà ọ̀tún mú kí agbábọ́ọ̀lù yín lè forí lé igun òkè lápá ọ̀tún, ẹ di bọ́tìnnì eré sísá mọ́ ọn, ẹ wá tẹ èyí tí a fi ń gbá a sílé. Agbábọ́ọ̀lù ń sáré lọ, bọ́ọ̀lù kò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, títí aṣọ́lé fi gbà á. Kì í ṣe pé ìka yín lọ́ra. Ìlà ìbú àti ìlà òòró ni wọ́n fi to wáyà inú kíbọ́ọ̀dù. Bí bọ́tìnnì mẹ́ta tí a tẹ̀ bá ti gba igun mẹ́ta nínú onígun mẹ́rin, kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ dájú bóyá a tẹ ìkẹrin tàbí a kò tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ni kíbọ́ọ̀dù fi máa ń pa ìtẹ̀ tí ó kẹ́yìn tì. Dáyóòdù, ẹ̀yà kékeré tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, tí wọ́n bá fi sí ọ̀nà bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni ó ń wo àrùn yìí sàn, wọn a sì kọ “N-key rollover” tàbí “NKRO” sára páálí rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń gbọ́ gbogbo bọ́tìnnì tí a bá tẹ̀ papọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí ojúlé ìdánwò kíbọ́ọ̀dù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì di gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò nínú géèmù mú papọ̀.

Ní ti ìtóbi, oníbọ́tìnnì 61 lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n kò ní ọfà tirẹ̀. A ní láti di bọ́tìnnì mìíràn mú kí a tó rí i lò, èyí kò sì bá bọ́ọ̀lù mu rárá. Oníbọ́tìnnì 87 tèmi náà ní àléébù: kò sí pátákó nọ́ńbà lápá ọ̀tún, bí mo bá sì ń kó máàkì àwọn ọmọ ilé ìwé sínú Excel, ó máa ń fà mí sẹ́yìn. Akọ̀wé owó tàbí olùkọ́ tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ máàkì gbọ́dọ̀ ra oníbọ́tìnnì 104.

Yorùbá alámì ohùn kò nílò kíbọ́ọ̀dù àrà ọ̀tọ̀, nítorí inú kọ̀ǹpútà ni ètò rẹ̀ wà, Windows pàápàá sì ní ti Yorùbá tí a lè tàn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti lábẹ́ lè gba títẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, gegele búráùn sì ń jẹ́ kí ìka mọ̀ pé àmì ti wọlé láìjẹ́ pé mo gbójú sókè.

Mo fẹ́ olókùn nítorí kò ní bátìrì tí yóò kú nígbà tí kò bá sí iná. Bí a bá ń lo bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí a pa iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù náà kí ó má baà fa bátìrì náà.

Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ níhìn-ín. Bọ́tìnnì lẹ́tà I bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní méjì méjì, “ilé” di “iilé” nínú ìwé oníbàárà. Mo yọ ìdérí rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, kò gbọ́. Mo wá fa súwìṣì náà yọ, mo ti tuntun bọ̀ ọ́, ó sì dákẹ́. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá súwìṣì àfikún àti ohun tí a fi ń fa súwìṣì yọ wà nínú páálí, nítorí kò rọrùn láti rí wọn rà ní Kabba, ó sì lè di pé kí ẹ ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́jà tàbí Àbújá.