Bọ́ọ̀sì Lójú Irin Àtijọ́: Àyẹ̀wò Busway ti Cambridge

Ní St Ives, ìlú kékeré kan tí ó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì tí ń gba Busway, ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀ nítòsí iwájú, níbi tí ojú mi ti lè tó ọwọ́ awakọ̀. Kò pẹ́ tí a gbéra tí ọ̀dà títì fi parí, tí ọ̀nà mìíràn sì bẹ̀rẹ̀: pẹpẹ kọnkéré tóóró méjì tí wọ́n tẹ́ lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ilẹ̀ lásán wà láàárín wọn, tí etí wọn lápá òde sì ga sókè bí etí àwo. Awakọ̀ dẹwọ́ eré, ó rọra ti imú ọkọ̀ bọ ẹnu ọ̀nà náà, nǹkan kan sì ha kọnkéré lọ́tùn-ún àti lósì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ mú eré, ṣùgbọ́n awakọ̀ kò yí sítíárìn mọ́. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni ó ń yí i.

Ohun tí ó ha kọnkéré yẹn ni táyà kéékèèké méjì tí wọ́n so mọ́ apá tí ó ń darí ẹsẹ̀ iwájú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì yọ síta díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí etí kọnkéré, tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 18, bá ṣẹ́ kọ́rọ́, yóò ti táyà kékeré, táyà kékeré yóò sì fa ẹsẹ̀ ńlá lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sì sí iná mànàmáná tí ó lè kú lójijì. Irin, rọ́bà àti kọnkéré ni gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀. Iṣẹ́ awakọ̀ wá ku eré àti búréèkì, ọkọ̀ náà sì lè sáré dé nǹkan bí 90 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ púpọ̀. Nígbà tí kọnkéré bá parí, yóò tún di bọ́ọ̀sì bí àwọn bọ́ọ̀sì yòókù, yóò dúró níwájú iná pupa, yóò sì yà sí òpópónà tí ó bá wù ú.

Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ti gba ọkọ̀ mìíràn rí. Ọ̀nà rélùwéè ni, èyí tí kò gbé èrò wá sí St Ives mọ́ láti ọdún 1970. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ A14 di ìṣòro ojoojúmọ́ fún àwọn tí ń lọ síbi iṣẹ́ ní Cambridge, àwọn kan ní kí wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin padà sójú ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìṣàkóso agbègbè Cambridgeshire yan bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, wọ́n sì ṣí ọ̀nà náà ní ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n dá. Tí a bá pa apá méjèèjì tí kọnkéré wà pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 25 kìlómítà, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì irú ọ̀nà yìí tí ó wà ní Adelaide ní Australia lọ, tí kò sì sí èyí tí ó gùn tó o ní gbogbo àgbáyé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé èrò kò ní láti sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì lè gbéra ní Huntingdon lórí títì gbogboogbò, kí ó bọ́ sórí kọnkéré ní St Ives, kí ó kọjá Swavesey, Longstanton, Oakington àti Histon, kí ó wọ àárín ìlú Cambridge, kí ó sì tún bọ́ sórí kọnkéré lẹ́ẹ̀kejì nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kí ó máa lọ sí ilé ìwòsàn Addenbrooke's tàbí Trumpington. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù mọ iye tí èyí tó. Ọkọ̀ ojú irin ì bá gbé e dé ibùdókọ̀, kí ó tó wá wá bọ́ọ̀sì mìíràn nínú òtútù. Ẹni tí ó bá sì ń gbé ní abúlé tí bọ́ọ̀sì kò dé lè wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá tí ó wà ní St Ives tàbí Longstanton, kí ó gbé e síbẹ̀, kí ó sì bá bọ́ọ̀sì wọ ìlú. Kò yà mí lẹ́nu pé ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan, ìrìn-àjò tí wọ́n kà lórí rẹ̀ tó mílíọ̀nù 2.5, nígbà tí àwọn tí wọ́n ṣe ètò rẹ̀ ti fojú bù ú sí mílíọ̀nù 1.75. Ìlú tuntun kan, Northstowe, ti ń dìde lẹ́bàá Longstanton, ọ̀nà bọ́ọ̀sì yìí sì ti wà níbẹ̀ kí àwọn olùgbé tó dé, èyí tí í ṣe ìdàkejì ohun tí a máa ń rí lọ́pọ̀ ibi.

Mo tún ṣàkíyèsí ẹnu ọ̀nà náà dáadáa. Wọ́n gbẹ́ kòtò sí àwọn ẹnu ọ̀nà kan, ní ìwọ̀n tí táyà bọ́ọ̀sì fi lè gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ara wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò já sí. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí a lè bẹ̀ tàbí tí a lè fún lówó kí ó jẹ́ kí a kọjá. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni agbára irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn táyà kéékèèké náà dára, wọ́n ń jẹ́ kí ọkọ̀ sáré tààrà kí ó sì dúró sún mọ́ pèpéle ibùdókọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera fi lè wọlé láìsí wàhálà. Àmọ́ ohun tí ó ń gba àkókò èrò là ni pé ẹlòmíràn kò lè wọ ọ̀nà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun ni pé kọnkéré náà parí níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù. Láàárín pápá, níbi tí kò sí ohun tí ó ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì ń fò lọ bí ẹyẹ. Nígbà tí ó bá wọ Cambridge, tí òpópónà há, tí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ sì kún fọ́fọ́, ó di ọ̀kan lára wọn. Gbogbo ìṣẹ́jú tí ó jèrè láti St Ives lè ṣòfò láàárín máìlì méjì tàbí mẹ́ta yìí. Ọkọ̀ ojú irin kì í bá ohunkóhun du ọ̀nà títí dé ibùdókọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ yìí kò kéré rárá fún ẹni tí ó ní àkókò kan pàtó láti dé ibi iṣẹ́. Àwọn ará Adelaide náà mọ ìrora yìí. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ ọ̀nà tiwọn, tí gbogbo rẹ̀ gùn ní 12 kìlómítà, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni wọ́n tó ṣí ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ó mú bọ́ọ̀sì kọjá lábẹ́ ọkọ̀ yòókù wọ àárín ìlú. Cambridge kò tíì ní irú rẹ̀.

Ní ti owó, ohun tí wọ́n sọ fún aráàlú ni pé bọ́ọ̀sì yóò dínwó ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Wọ́n dá iṣẹ́ náà lé nǹkan bí £116 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ó fò kọjá £180 mílíọ̀nù, àríyànjiyàn sì dìde láàárín ìgbìmọ̀ agbègbè náà àti agbaṣẹ́ṣe, BAM Nuttall, títí wọ́n fi parí rẹ̀ ní ọdún 2013 pẹ̀lú àdéhùn pé agbaṣẹ́ṣe yóò san £33 mílíọ̀nù. Kọnkéré tí ọkọ̀ yóò máa sáré lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń dà sílẹ̀ bí ti àgbàlá ilé. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú, ó gbọ́dọ̀ dọ́gba, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rì. Bí a bá ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ kò ní jìnnà sí ti irin tó bí àwọn olóṣèlú ṣe máa ń wí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ń yin ọ̀nà yìí fò dá. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré náà, ó sì rẹwà, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 2015 sí 2021, ènìyàn mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì pa lórí ọ̀nà náà, tí ọ̀kan nínú wọn wà lórí kẹ̀kẹ́. Bọ́ọ̀sì tí kọnkéré ń darí kò lè yà fún ẹni tí ó ṣubú síwájú rẹ̀. Búréèkì nìkan ni awakọ̀ ní. Ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn £6 mílíọ̀nù lé ìgbìmọ̀ agbègbè náà lórí lẹ́yìn tí ó gbà pé òun jẹ̀bi. A kì í fi ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin láìsí odi, kò sì yẹ kí a fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí ń sá eré bẹ́ẹ̀ nítorí pé táyà ni ó fi ń rìn. Ẹ̀mí mẹ́ta ti lọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé àwọn tí ó yẹ kí ó yé, mi ò sì lè kọ àyẹ̀wò yìí kí n máa sọ̀rọ̀ nípa ìtura ìjókòó nìkan.

Ìlú mìíràn ti gbìyànjú irú rẹ̀ lọ́nà tiwọn. Ní Edinburgh, ọ̀nà bọ́ọ̀sì onípẹpẹ kúkúrú kan ṣiṣẹ́ láti ọdún 2004 sí 2009, lẹ́yìn náà wọ́n sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ti tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Mo ka ìyẹn sí àǹfààní, nítorí pé bọ́ọ̀sì ni ó bá wọn di ilẹ̀ náà mú. Ti Caen àti Nancy ní ilẹ̀ Faransé yàtọ̀. Irin kan ṣoṣo láàárín ọ̀nà ni ó ń darí ọkọ̀ tiwọn, ọkọ̀ náà sì jẹ́ àkànṣe tí a kò lè lọ rà níbòmíràn. Caen pa tirẹ̀ tì ní ìparí ọdún 2017, ó sì fi tíráàmù rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2019. Nancy náà dá tirẹ̀ dúró ní ọdún 2023. Ní Cambridge, bí bọ́ọ̀sì kan bá gbó, wọn yóò ra òmíràn lọ́jà, wọn yóò sì so táyà kéékèèké mọ́ ọn.

Bí mo ṣe jókòó nínú ọkọ̀ náà ni ọkàn mi ń lọ sí Èkó. BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, 22 kìlómítà, kò ní kọnkéré tí ń darí ọkọ̀, síbẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi etí kọnkéré là á sọ́tọ̀, ó ń rìn. Níbi tí ó jẹ́ ọ̀dà funfun nìkan ni ó pààlà, gbogbo wa mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Kòtò ẹnu ọ̀nà Cambridge yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ wa wá wò, kì í ṣe táyà kéékèèké. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà wọ́n níyànjú láti fi bọ́ọ̀sì rọ́pò ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin bíi Blue Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Bọ́ọ̀sì alájà méjì kan pẹ̀lú awakọ̀ kan kò lè gbà ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èrò lọ, nígbà tí awakọ̀ kan lè fa gbogbo àgbá ọkọ̀ ojú irin tí a bá so mọ́ ara wọn. Èrò Cambridge kò tó ti Mile 2. Fún ìlú bíi tiwọn, pẹ̀lú abúlé tí ó tú ká yí i ká, bọ́ọ̀sì yìí bá wọn mu, mo sì fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Odi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà ni ìràwọ̀ karùn-ún ń dúró dè.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kí ó má ṣe sọ̀ ní àárín ìlú bí ọ̀pọ̀ àlejò ṣe máa ń ṣe. Kí ó wọ̀ ọ́ ní Longstanton ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ó gun àjà òkè, kí ó sì jókòó títí dé Trumpington, kí ó lè ka iye ìṣẹ́jú tí ó lò lórí kọnkéré àti iye tí ó lò láàárín àwọn ọkọ̀ yòókù.